Ohun tí Ń Ṣẹlẹ̀ nínú Ara Nígbà tí Àyà Bá Já

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ti Nàìjíríà, ti Gánà, ti Tógò, ti Bẹ̀nẹ̀ àti ti Sàró, oríṣiríṣi èdè ni a ń gbọ́ nínú ilé oúnjẹ wa. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ìdánwò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, èdè kan ṣoṣo ni ara gbogbo wa ń sọ. Ọwọ́ a tutù, ẹnu a gbẹ, inú a máa ru, oorun a sì dá lójú ẹni. Èdè ara yìí ni mo fẹ́ kí a jọ kọ́ lónìí. Ìdí tí mo fi yàn án ni pé àìgbọ́ èdè náà ni ó mú mi ṣẹ ọmọdé kan.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rán mi lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan, ìwé kẹrin ni wọ́n fún mi. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí ó mọ ìṣirò dáadáa. Ní ọjọ́ kan, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, ó sì ka ìsọdipúpọ̀ méje láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìṣì í kà. Ní ọjọ́ kejì, olùbẹ̀wò wọlé láti wo bí mo ti ń ṣe iṣẹ́. Ọkàn èmi pàápàá ń lù kìkì. Nítorí pé mo fẹ́ kí iṣẹ́ mi dára lójú rẹ̀, ọmọ yìí ni mo pè síwájú pátákó. Mo ní, "Méje lọ́nà mẹ́jọ?" Ọmọ náà dákẹ́. Mo tún bi í, ohùn mi sì ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Òógùn bò ó níwájú orí, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo pè é ní olóríkunkun. Mo ní ó mọ̀ ọ́n mọ̀ fẹ́ dójú tì mí ni, mo sì ní kí ó lọ kúnlẹ̀ ní igun ilé títí ẹ̀kọ́ fi parí. Fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà kò na ọwọ́ sókè mọ́. Ìyá rẹ̀ wá bá mi, ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, inú ń run ọmọ yìí ní gbogbo òwúrọ̀ tí ó bá fẹ́ wá sí ilé-ìwé."

Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé ohun kan náà ni ó ń ṣe èmi àti ọmọ náà ní ọjọ́ yẹn. Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní.

1. Ohun tí àwọn àgbà ti rí

Àwọn baba ńlá wa kò ní ẹ̀rọ tí a fi ń wo inú ara, ṣùgbọ́n wọ́n ní ojú tí wọ́n fi ń wo ènìyàn. Wọ́n ní "àyà mi já," "orí mi wú," "ara mi ta gìrì," "itọ́ gbẹ lẹ́nu mi," "ọkàn mi kò balẹ̀." Kò sí ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí tí kì í ṣe òtítọ́ nípa ẹran ara, gẹ́gẹ́ bí a ó ti rí i. Wọ́n sì fi ìyàtọ̀ sí ìjáyà tí ó wá lójijì tí ó sì kọjá lọ, àti ìdààmú tí ó bá ènìyàn jókòó fún ọjọ́ pípẹ́. Èyí tí ó pẹ́ yìí ni a ń pè ní másùnmáwo. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ti sọ fún wa pé oorun kò sí nínú rẹ̀. Ọ̀nà kan náà ni ìjáyà àti másùnmáwo ń gbà nínú ara, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ń gbé ènìyàn dé kò dọ́gba.

2. Ọ̀nà kìíní: ọ̀nà tí ó yá

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ àgbẹ̀ kan tí ń lọ sí oko ní ìdájí, tí ó sì rí paramọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà. Ojú rán iṣẹ́ sí ọpọlọ. Nínú ọpọlọ, kókó kékeré kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní amygdala; òun ni ó dà bí olùṣọ́ ẹnu ibodè. Bí ó bá ti rí ohun tí ó jọ ewu, ó ké sí ibòmíràn ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, tí a ń pè ní hypothalamus. Láti ibẹ̀ ni ìkìlọ̀ ti ń gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn lọ sí gbogbo ara. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn kókó méjì tí ó jókòó lórí kíndìnrín wa méjèèjì bí ẹni dé fìlà. Àárín kókó wọ̀nyí a tú oje kan tí ń jẹ́ adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Gbogbo èyí kò gbà ju ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ lọ. Kí àgbẹ̀ wa tó lè wí pé "Ejò!" ó ti fò sẹ́yìn ná. Àáyá bẹ́ sílẹ̀, ó bẹ́ sáré.

Ẹ wo àwọn iṣẹ́ tí ara ń ṣe ní àkókò náà:

(a) Ọkàn: Ọkàn àgbàlagbà tí ó jókòó jẹ́ẹ́ a máa lù láàrín ìgbà 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan. Nísinsìnyí ó ń lù kánkán, ó sì ń lù pẹ̀lú agbára. Èyí ni "àyà mi ń lù kìkì."

(b) Èémí: Ènìyàn a máa mí lemọ́lemọ́, ọ̀nà afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró a sì fẹ̀ sí i.

(d) Ẹ̀dọ̀: Ẹ̀dọ̀ a tú ṣúgà tí ó ti fi pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, kí apá àti ẹsẹ̀ lè rí oúnjẹ jẹ.

(e) Ẹ̀jẹ̀: Ẹ̀jẹ̀ a dínkù ní awọ ara àti ní ìfun, a sì pọ̀ sí i ní apá àti ẹsẹ̀. Ìdí nìyí tí ọwọ́ fi ń tutù, tí oúnjẹ kì í sì í fẹ́ dà nínú ẹni tí ẹ̀rù ń bà.

(ẹ) Itọ́: Omi ẹnu a dínkù, nítorí pé ẹni tí ń sá fún ejò kò ráyè jẹun.

(f) Ojú: Ọmọlójú a fẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé púpọ̀.

(g) Òógùn: Òógùn a yọ, pàápàá ní àtẹ́lẹwọ́ àti ní iwájú orí.

(gb) Irun: Ní ìdí irun kọ̀ọ̀kan, iṣan tín-ín-rín kan wà tí ń fà á dìde. Ẹ ti rí i bí ológbò ti ń wú nígbà tí ó bá rí ajá. Èyí ni "orí mi wú."

(h) Ẹran ara: Gbogbo ẹran apá àti ẹsẹ̀ a le, a sì máa gbọ̀n bí okùn tí a fà le jù.

Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó wà lásán. Walter Cannon, onímọ̀ kan ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, ni ó ṣàlàyé nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1915 pé ńṣe ni gbogbo wọn ń palẹ̀ ara mọ́ fún ohun méjì: kí ènìyàn jà, tàbí kí ó sá. Bẹ́ẹ̀ ni àgbẹ̀ wa ṣe. Ó sá, ó mí kanlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn wákàtí kan ó ti ń kọ ebè rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwé ìdánwò kì í ṣe paramọ́lẹ̀. A kò lè bá a jà, a kò sì gbọdọ̀ sá fún un. Ọmọ tí ó dúró níwájú pátákó pẹ̀lú kò lè bá olùkọ́ jà, kò sì lè sá jáde. Ara ti múra ogun, ogun kò sí. Agbára tí kò rí iṣẹ́ ṣe yìí ni ó di ìgbọ̀nrìrì àti òógùn.

3. Ọ̀nà kejì: ọ̀nà tí ó lọ́ra

Bí ewu kò bá tètè kọjá, ara a gba ọ̀nà kejì. Hypothalamus yìí kan náà a rán oje kékeré sí kókó kan tí ó so rọ̀ lábẹ́ ọpọlọ, tí ń jẹ́ pituitary, tí kò tóbi ju èso erèé kan lọ. Òun náà a fi iṣẹ́ rán ẹ̀jẹ̀ sí àwọn kókó orí kíndìnrín, èèpo ìta wọn a sì tú oje mìíràn jáde tí ń jẹ́ cortisol. Èyí kì í yá bí adrenaline. Ó máa ń tó bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 lẹ́yìn ìjáyà kí ó tó pọ̀ dé góńgó.

Cortisol kì í ṣe ọ̀tá. Òun ni ó máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wa ní òwúrọ̀ kùtùkùtù láti jí ara sí iṣẹ́. Ní àkókò ìdààmú, ó ń mú kí ṣúgà wà nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń sọ fún àwọn iṣẹ́ tí kò kánjú pé kí wọ́n sùn síwájú. Nígbà tí ó bá ti tó, ọpọlọ a mọ̀, a sì dá iṣẹ́ náà dúró, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń pọn omi ti ń dáwọ́ dúró nígbà tí ó bá rí i pé ìkòkò ti kún. Ibi tí ewu wà ni ìgbà tí ìdààmú kò jẹ́ kí apọnmi sinmi.

4. Nígbà tí ó bá pẹ́

Hans Selye, tí wọ́n bí ní ìlú Vienna ní 1907, tí ó sì ṣiṣẹ́ ní Montreal ní Kánádà, ni ó fi ojú ayé hàn wá ní ti èyí. Ó fi oríṣiríṣi ìyà jẹ àwọn eku: ó fi òmíràn sínú òtútù, ó mú kí òmíràn ṣiṣẹ́ kọjá agbára rẹ̀, ó fún òmíràn ní oògùn tí ń pani lára. Ohun tí ó yà á lẹ́nu ni pé ohun yòówù tí ó ṣe wọ́n, àmì mẹ́ta kan náà ni ó rí nínú ara wọn: àwọn kókó orí kíndìnrín wú, àwọn ẹ̀yà tí ń bá àìsàn jà súnkì, ọgbẹ́ sì yọ nínú ikùn. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nature ní 1936. Ó pín ìrìn ara sí ìpele mẹ́ta: ìdágìrì, ìfaradà àti àárẹ̀ pátápátá.

Ẹ fi í wé ìlú tí ogun dó tì. Ní ọjọ́ kìíní, gbogbo ọkùnrin a ju ọkọ́ sílẹ̀, wọn a sì sáré lọ sí ibi odi. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ta ni yóò kọ ebè? Àwọn tí ó ka ìtàn Ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí àwọn ọmọ ogun kò sì tú ká títí di 1893, mọ̀ pé kì í ṣe ìbọn nìkan ni ó ń ba ìlú jẹ́. Oko tí ó di igbó náà ń bà á jẹ́.

Bákan náà ni ara. Bí másùnmáwo bá pẹ́, ẹ̀jẹ̀ lè máa ru, oorun kì í fẹ́ wá, ọgbẹ́ kì í tètè jinná, òtútù àti ikọ́ a máa tètè mú ènìyàn, ìgbàgbé a dé, ìbínú a sì wà ní ẹnu ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ṣọ́ra kí a má bàa sọ pé másùnmáwo ni ó ń fa gbogbo àìsàn. Fún ọdún púpọ̀ ni àwọn dókítà gbà pé ìrònú ni ó ń fa ọgbẹ́ inú. Ní 1982, Barry Marshall àti Robin Warren ní ìlú Perth ní Ọsirélíà rí kòkòrò àìfojúrí kan nínú ikùn àwọn aláìsàn náà, a sì wá mọ̀ pé kòkòrò yìí ni ó ń fa púpọ̀ nínú ọgbẹ́ wọ̀nyí. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 2005. Nítorí náà, ẹni tí ọgbẹ́ inú ń yọ lẹ́nu kò gbọdọ̀ jókòó sílé kí á kàn máa wí fún un pé kí ó má ronú mọ́. Ilé ìwòsàn ni kí ó lọ.

5. Ẹ̀rù àti ẹ̀kọ́

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwa olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n nìyí. Ní 1908, àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Yerkes àti Dodson, fi èkúté ṣe àyẹ̀wò kan. Wọ́n rí i pé nígbà tí iṣẹ́ bá ṣòro, ìnira tí ó mọ níwọ̀n ń mú èkúté kọ́ ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù ń bà á jẹ́. Àwa náà mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ìdánwò kò já láyà rárá kì í ṣí ìwé. Ẹni tí ó sì já láyà jù a ṣí i, kò sì ní rí ohun tí ó wà níbẹ̀.

Ìdí rẹ̀ ni pé apá iwájú ọpọlọ, èyí tí ó wà lẹ́yìn iwájú orí wa, ni a fi ń ronú tí a sì fi ń di nọ́ńbà mú. Nígbà tí adrenaline àti cortisol bá pọ̀ jù, apá yìí a rọ̀, agbára a sì bọ́ sọ́wọ́ olùṣọ́ ibodè tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí ènìyàn mọ̀ kò sọnù. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ni a tì. Ọmọ ìwé kẹrin yẹn mọ èsì ìbéèrè mi. Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn náà pẹ̀lú ohùn mi.

Ohun kan tún wà tí ó burú ju èyí lọ. Oje kan náà tí ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ohun tí a ti kọ́ ni ó ń tẹ ohun tí ó bà wá lẹ́rù mọ́ wa lọ́kàn bí èdìdì. Ọmọ náà lè gbàgbé méje lọ́nà mẹ́jọ, ṣùgbọ́n kò ní gbàgbé ojú olùkọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ yẹn.

Àwa tí a jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú kò bọ́ nínú rẹ̀. Ní Aró ní Abẹ́òkúta, níbi tí Dókítà T. Adeoye Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ní 1954 sí í jẹ́ kí àwọn aláìsàn ọpọlọ gbé láàrín ará abúlé nígbà tí wọ́n ń gba ìtọ́jú, dókítà ará Kánádà kan, Raymond Prince, ṣe àkíyèsí àìsàn kan láàrín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà. Ó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1960. Wọ́n ní orí ń gbóná àwọn, ojú ń ṣú àwọn, àwọn ń ka ìwé ṣùgbọ́n kò wọlé, ohun tí àwọn sì kà lánàá ti fò lọ. Àwọn dókítà tí ó tẹ̀lé e ti jiyàn bóyá àìsàn ọ̀tọ̀ ni tàbí ẹ̀yà kan lára àìbalẹ̀ ọkàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì. Orúkọ yòówù kí a fún un, kì í ṣe ọ̀lẹ. Ta ni nínú wa tí kò ru ìrètí bàbá, ìyá àti àbúrò wá sí ilé-ẹ̀kọ́ yìí?

6. Ohun tí a lè ṣe

Fún ara wa: Èkíní, nígbà tí àyà bá ń já, ẹ fa afẹ́fẹ́ sínú jẹ́jẹ́ títí ẹ ó fi ka ení dé ẹ̀rin, kí ẹ sì mí i jáde títí ẹ ó fi ka ení dé ẹ̀fà. Ọkàn a máa dẹ ìlù rẹ̀ nígbà tí a bá ń mí jáde, nítorí náà ni mímí jáde fi gbọ́dọ̀ gùn ju mímí sínú lọ. Èkejì, ẹ rìn, ẹ gbá bọ́ọ̀lù, ẹ roko. Ẹ fún agbára tí ara ti kó jọ ní iṣẹ́ ṣe. Ẹ̀kẹta, ẹ sùn. Ẹni tí ó fi obì lé oorun lọ ní òru ìdánwò ń fi igi kún iná, nítorí pé èròjà tí ń bẹ nínú kọfí ni ó wà nínú obì, òun náà a sì máa mú ọkàn lù kánkán. Ẹ̀kẹrin, ẹ sọ ọ́ fún ẹnì kan. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí oorun àti oúnjẹ kò wá, tàbí bí ayé bá sú ènìyàn, ẹ jẹ́ kí ó lọ rí dókítà kíákíá, kí ọ̀rẹ́ kan sì tẹ̀ lé e lọ.

Fún àwọn ọmọ tí a óò kọ́: Ẹ béèrè ìbéèrè, kí ẹ sì dúró díẹ̀ kí ẹ tó pe orúkọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ ní ìjókòó rẹ̀ kí ó tó jáde síwájú. Bí ó bá dákẹ́, ẹ má ṣe gbé ohùn sókè. Ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bí inú bá ń run ọmọ ní àárọ̀ ọjọ́ ilé-ìwé nìkan, tí ara rẹ̀ sì ń yá ní ọjọ́ ìsinmi, ẹ wá ìdí rẹ̀ kí ẹ tó pè é ní òpùrọ́. N kò sọ pé kí a má bá ọmọ wí. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, kí a fi ọwọ́ òsì fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì yìí ni èmi gbàgbé.

7. Ẹ̀kọ́ àfiṣe fún kíláàsì

Ẹ kọ́ àwọn ọmọ bí a ti ń fi ìka méjì kan ọrùn ọwọ́ ní ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò láti gbọ́ ìlù ọkàn. Kí wọ́n kà á fún ìdajì ìṣẹ́jú, kí wọ́n sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kéde pé ẹ fẹ́ pe ẹnì kan síwájú, ṣùgbọ́n ẹ má pe ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n tún kà á. Ẹ sọ fún wọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ẹ̀kọ́ ni. Kí gbogbo wọn wá mí jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì, kí wọ́n sì kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sójú pátákó. Olùkọ́ náà gbọ́dọ̀ ka tirẹ̀ pẹ̀lú wọn.

Èmi ṣe é ní ọ̀sẹ̀ tí ó kẹ́yìn iṣẹ́ mi níbẹ̀. Mo lọ sí ìdí àga ọmọkùnrin yẹn, mo ní kí ó fi ìka kan ọrùn ọwọ́ mi. Mo sọ fún un pé bí ọkàn mi ti ń lù yìí kò tó bí ó ti lù ní ọjọ́ tí olùbẹ̀wò wá, àti pé èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́. Ó kà á títí, ó wo ojú mi, ó sì rọra wí pé, "Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, sà." Mo rò pé ìlù ọkàn mi ni ó kà. Ó di ìgbà tí mo padà dé ìdí tábìlì mi kí n tó mọ̀ pé ìbéèrè ọjọ́ yẹn ni ó dáhùn. Títí mo fi kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, kò jáde síwájú pátákó mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ẹ̀kọ́ yìí, kí ó lè ràn yín lọ́wọ́ kí ẹ tó pe ọmọ tiyín.

Ìbéèrè

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrín ìjáyà àti másùnmáwo?
2. Kí ni ó ń mú kí ọwọ́ tutù àti kí ẹnu gbẹ nígbà tí ẹ̀rù bá ń bani?
3. Ṣàlàyé bí adrenaline àti cortisol ti yàtọ̀ sí ara wọn ní ti àkókò àti iṣẹ́.
4. Kí ni Marshall àti Warren rí ní 1982, kí sì ni ó kọ́ wa nípa sísọ ìdí àìsàn?
5. Mú ọ̀rọ̀ mẹ́ta láti inú èdè abínibí rẹ tí a fi ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rù, kí o sì sọ ẹ̀yà ara tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí.